Ohùn ìṣẹ́jú kan: ta ló máa dúró gbọ́ ọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ohùn ló pọ̀ jù nínú wọn, ohùn orí áàpù, ohùn orí WhatsApp, ohùn rédíò, mo bá kúkú kó wọn sójú kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jìn, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ń kọ áàpù kan níbí n'Íbàdàn. Ohùn nìkan ló wà lórí ẹ̀, kò sí fídíò, kò sí fọ́tò, èèyàn á kàn tẹ bọ́tìnì á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, àwọn yòókù á gbọ́, ẹni tó bá wù á fi ohùn tiẹ̀ náà fèsì. Yorùbá la fẹ́ kó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tá a gbé e fáwọn ojúlùmọ̀ wa, inú wọn dùn, wọ́n dáńlóòdù ẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún a ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá mi tiẹ̀ ní kí lòún fẹ́ fi ṣe nígbà tí rédíò wà nílé. Ọ̀kan nínú wa ti ń sọ pé ká yáa sọ ọ́ di fídíò. Ṣé ohùn kéékèèké lè fa èèyàn mọ́ra ṣá, àbí àkókò wa la kàn ń fi ṣòfò? (Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú akitiyan. Ẹ ò fi àkókò ṣòfò rárá, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọ ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí ohun tó ṣe yín yẹn ti ṣe àwọn tó lówó tó sì lórúkọ jù yín lọ dáadáa.

Lóṣù kejì ọdún 2016, àwọn kan ní New York gbé áàpù kan jáde, Anchor lorúkọ ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe, wàá sọ̀rọ̀ tí ò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹlòmíì á fi ohùn tiẹ̀ dá ẹ lóhùn. Ariwo ẹ̀ pọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, wọ́n ti ń yí i padà, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí èèyàn ti ń ṣe pọ́díkáàsì, ìyẹn ètò bíi ti rédíò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó lè gùn bó ṣe wu onítọ̀hún, ìyẹn ni Spotify, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì rí tó fi rà á lọ́dún 2019. Twitter náà dán an wò lóṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n ní káwọn tó ń lo iPhone máa fi ohùn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ, ìṣẹ́jú àáyá 140 ni wọ́n fún wọn, bí wọ́n ṣe máa ń fún wọn ní lẹ́tà 140 láyé àtijọ́. Nínú gbogbo èèyàn tó o mọ̀, ta ló ń ṣe é lónìí? Lóṣù kẹrin ọdún 2021 Facebook náà jáde, wọ́n ní tàwọn á máa jẹ́ Soundbites, ohùn kúkurú kúkurú téèyàn á máa gbọ́ bó ṣe ń yí ojú fóònù sókè, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa á tì.

Tí èèyàn bá dúró síbẹ̀, á ní ó ti tán nìyẹn, aráyé ò fẹ́ ohùn kúkurú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóṣù kẹjọ ọdún 2013 ni WhatsApp gbé fọ́ìsì nóòtì wọlé, nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2022 àwọn fúnra wọn sọ pé ó ń tó bílíọ̀nù méje tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lójúmọ́ kan. Bílíọ̀nù méje lójúmọ́! Ìwọ náà sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwàásù wákàtí kan ló kún inú wọn, "mo ti dé o", "bá mi ra tòmátì bọ̀", "ṣé ọmọ ti sùn", ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Wo àwọn ìyá wa tí títẹ fóònù ò rọrùn fún, tí wọ́n bá ti lè di bọ́tìnì yẹn mú, ọ̀rọ̀ tán, wọ́n á fi èdè wọn sọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn, ẹni tó ń kọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀ á lọ jókòó. Torí náà òùngbẹ ẹ̀ ń gbẹ àwọn èèyàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín WhatsApp àti tiyín ni pé èèyàn mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ ni, ohùn ìyàwó ẹ ni, bó tiẹ̀ ń húkọ́ níbẹ̀ wàá gbọ́ ọ tán. Lórí áàpù yín, ohùn ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló máa kọ́kọ́ pàdé mi, ohun tó sì fẹ́ sọ mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyẹn ló gbé mi dé ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí mo rí i tó ń pa iṣẹ́ àwọn ọmọ dáadáa. Ojú máa ń yára ṣa nǹkan, etí kì í yára. Tí fídíò bá jáde lójú fóònù, kó o tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan o ti mọ̀ bóyá ijó ni, bóyá ọbẹ̀ ni, bóyá ìjà ni, o ti mọ̀ bóyá wàá dúró. Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ọ díẹ̀ kó o tó mọ ohun tó ń bọ̀, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, nígbà míì mẹ́wàá, ẹni náà ṣì ń kí gbogbo ilé. Tí ohùn bá wá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, tó o ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá wá a, tó o tún máa wá òmíì ní kété tó bá tán, wíwá yẹn á máa bu àkókò gbígbọ́ jẹ. Ó sì máa rẹ èèyàn. Ohun tó lé àwọn ojúlùmọ̀ yín lọ lọ́jọ́ karùn-ún nìyẹn, wọn ò kórìíra yín.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Lọ jókòó ti ìyá ẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, má bá a sọ̀rọ̀, kàn máa wo ọwọ́ wọn. Bóyá wọ́n ń bó ẹ̀wà, bóyá wọ́n ń rokà, bóyá wọ́n ń fọ abọ́, rédíò ń sọ̀rọ̀ létí wọn láti aago mẹ́fà, wọn ò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti tàn án. Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ nǹkan dípò kó wò ó ni pé ọwọ́ ẹ̀ dí tàbí ojú ẹ̀ wà níbòmíì. Dẹ́rẹ́bà tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ l'Ójótà, télọ̀ tó ń wa máṣíìnì, ẹni tó ń din àkàrà, ọwọ́ àwọn yẹn ò sí nílẹ̀. Áàpù yín wá ní kí wọ́n nu ọwọ́ nù kí wọ́n tẹ òmíì ní gbogbo ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá sì wà nílẹ̀ láti máa tẹ̀ ẹ́, fídíò ni onítọ̀hún máa wò. Ìyá ẹ ti dá yín lóhùn nígbà tí wọ́n ní rédíò wà, ẹ ò kàn bi wọ́n pé kí ló dé ni.

Àwọn bàbá wa sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ó ń sọ̀rọ̀ kò sì gba èsì. Lọ́dún 1935 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí Rediffusion wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó, wáyà ni wọ́n fi fà á wọlé, ìkànnì kan ṣoṣo, kò sí pé ò ń yan èyí ò ń yan tọ̀hún, ohun tó bá gbé jáde lo máa gbọ́. Ẹ̀yin wá fẹ́ ṣe èyí tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gba èsì, ohun rere ni, mo gbà á tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ má ju àǹfààní tó wà lára ti àtijọ́ nù, ìyẹn ni pé kéèyàn tàn án kó gbàgbé ẹ̀ kó sì máa gbọ́.

Mo ṣiṣẹ́ rédíò fọ́dún díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ, ètò ìkíni ni wọ́n fi mí sí láàárọ̀ Sátidé, màá ka orúkọ àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí, àwọn tó bímọ, àwọn tó kọ́lé. Orúkọ ẹnì kan ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Èèyàn á jókòó ti rédíò fún odidi wákàtí kan nítorí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, gbogbo ilé á dákẹ́, tí mo bá pe orúkọ yẹn tán wọ́n á pariwo débi tí àwọn aládùúgbò á fi wá wò ó. Ohùn kúkurú nìyẹn. Wọ́n dúró dè é, torí wọ́n mọ ìgbà tó ń bọ̀, wọ́n mọ ohùn tó ń kà á, wọ́n sì mọ̀ pé tiwọn wà níbẹ̀.

Tá a bá tiẹ̀ tún rìn sẹ́yìn, ta ló mọ ohùn kúkurú tó Yorùbá? Ẹni tó ń polówó "Láńgbé jinná o!" kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ẹni tí ebi ń pa ti mọ̀ pé ti òun dé. Àlọ́ àpamọ̀ ńkọ́? "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú tọrí bọ̀ ọ́." Ọmọ kan á ní orógùn ni, ó parí, òmíì yá. Ṣùgbọ́n kíyè sí i, kò sẹ́ni tó ń pa àlọ́ kan ṣoṣo kó dìde. Ṣe ni wọ́n máa ń tò ó tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀, lálẹ́, lójú kan náà, ẹni tó ń pa á àti ẹni tó ń já a mọ ara wọn, tí wọ́n bá wá pa ti kúkurú tán ni wọ́n á bọ́ sí ti ìjàpá tó gùn. Ti kúkurú yẹn ló ń ṣí etí sílẹ̀ de èyí tó gùn.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi ni yín, mi ò ní fi áàpù bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín torí ẹ ti kọ ọ́ débi tó dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Ẹ wá ohùn kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn ń fẹ́ gbọ́, ó lè jẹ́ ẹnì kan nínú yín, ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan l'Ójé tó mọ ìtàn ìdílé, ó lè jẹ́ ẹni tó mọ owó ọjà Bódìjà lówùúrọ̀. Ẹ gbé ohùn náà sórí WhatsApp níbi tí àwọn èèyàn wà tẹ́lẹ̀, ní aago kan náà lójoojúmọ́, láìyẹ̀. Ṣe é fún oṣù méjì. Má ka iye tó wọlé, iye tó padà wá ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni kó o kà, àti iye tó fi ohùn dá yín lóhùn. Ohùn ìṣẹ́jú kan kì í jẹ dátà púpọ̀, kì í sábà tó ìdajì MB lórí WhatsApp, fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ ìlọ́po ìlọ́po ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ìyẹn torí dátà ti wọ́n gan-an.

Tí wọ́n bá wá ń dúró dè yín, áàpù lè dé. Kí ó má ṣe béèrè pé èwo lo fẹ́. Ẹni tó bá ṣí i, kó máa gbọ́ lọ ni, ohùn kan tán òmíì wọlé, fún ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá nífẹ̀ẹ́ èyí tó ń lọ lè fo ó lẹ́ẹ̀kan, áàpù á sì rántí. Ẹ kọ ìlà kan sábẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan kójú lè bá etí ṣa á. Kí ìkíni gígùn kúrò níwájú, kí ọ̀rọ̀ gangan wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ rántí ẹni tó ń polówó láńgbé.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà. Láti ọdún 2018 ni àwọn kan ti ní áàpù tó ń jẹ́ Pocket FM níbẹ̀, ìtàn ni wọ́n ń sọ, wọ́n á gé e sí abala abala tí ò gùn, ibi tó bá ti ń dùn lọ́wọ́ ni wọ́n máa já a sí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó yẹn mọ̀ pé ọkọ òun ń purọ́ á wá sí abala kejì, á wá sí ìkẹta, títí dé ọgọ́rùn-ún kan lé, àwọn tó ń fowó ṣí abala tó kàn sì pọ̀. Abala kan kúrú, odidi ìtàn gùn. Mo rò pé ibẹ̀ ni owó yín wà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe é, torí àwa la ni ìtàn, a sì fẹ́ràn kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró sí ibi tó dùn.

Ti fídíò tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, mi ò lọ́wọ́ sí i. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀, TikTok lẹ fẹ́ bá dupò, ẹ̀yin mẹ́ta n'Íbàdàn. Níbi ohùn Yorùbá, kò sẹ́ni tó tíì jókòó síbẹ̀ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Lọ́dún 2021 gbogbo alẹ́ la fi ń wà lórí Clubhouse níbí, áàpù tí èèyàn púpọ̀ ti ń fi ohùn bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá ní London, Houston, Èkó, a máa ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó dùn mọ́ mi torí èmi nìkan ló ń gbélé. Nígbà tó yá kóówá lọ. Kí ló pa á, ṣé ó lè padà? (Ìyá Ìbejì, Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àárò ilé o, mà. Èmi náà wà níbẹ̀, mo mọ bí ó ṣe dùn tó. Ọdún 2020 ni Clubhouse bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, iPhone nìkan ló ń gbé e, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ pè ẹ́ wọlé. Ilé tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀, gbogbo èèyàn ló fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, pàápàá nígbà tí Elon Musk wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Nígbà tó fi máa dórí Android wa ní Nàìjíríà lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ìlú míì ti ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti ń padà síbi iṣẹ́. Twitter Spaces, ibi ìsọ̀rọ̀ ohùn ti Twitter, náà sì ti dé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ti wa tún wá le, oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de Twitter, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di January 13, 2022, àwọn èèyàn ń fi VPN wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun tó pa á gangan ni àkókò. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́, tó o bá ti padánù ẹ̀, ó ti lọ, tó o bá sì wọlé láàárín o ò mọ ibi tí wọ́n bá a dé. Agogo London àti ti Houston ò dọ́gba, ẹnì kan ń jẹun alẹ́ ẹlòmíì ti fẹ́ sùn. Lọ́dún tí kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan, gbogbo wa la ráyè, nígbà tí ayé ṣí, àyè tán. Kì í ṣe Clubhouse nìkan ló dé bá: Reddit pa ibi ìsọ̀rọ̀ ohùn tiẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2023, Spotify pa tiẹ̀ lóṣù kẹrin, oṣù kẹrin yẹn náà ni Clubhouse dá ju ìdajì òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró, Amazon náà pa Amp, áàpù rédíò tiẹ̀, lóṣù kẹwàá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, mà, ni pé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023 Clubhouse tún ara ẹ̀ ṣe, ó wá di ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ á ti máa fi ohùn kúkurú ránṣẹ́ síra wọn nínú gírúùpù, kóówá á gbọ́ ọ nígbà tó bá ráyè, á fèsì nígbà tó bá ráyè. Wọ́n rìn títí wọ́n padà síbi tí fọ́ìsì nóòtì wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà, ẹ má dúró de ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ mú èèyàn mẹ́jọ, mẹ́wàá nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ẹ ṣe gírúùpù, kí ẹnì kan máa ju ìbéèrè kan síbẹ̀ lójúmọ́, fún àpẹẹrẹ, "kí lẹ jẹ lónìí?", kóówá á fi ohùn dáhùn, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó wà ní Houston á jí, á bá ohùn ẹ̀yin mẹ́jọ nílẹ̀, á máa gbọ́ yín bó ṣe ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ dákun ẹ ṣe é, ẹ má dá nìkan jókòó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹja ni mo ń tà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, mo ní gírúùpù WhatsApp àwọn oníbàárà mi. Mo máa ń fi ohùn kí wọn láràárọ̀, mo máa ń gbàdúrà fún wọn, màá wá sọ ẹja tó dé. Ẹnì márùn-ún ti kúrò lóṣù yìí, ọ̀kan ní ohùn mi ti pọ̀ jù. Ó dùn mí. Ṣé kí n máa kọ ọ́ ni? (Ìyá Ẹlẹ́ja)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ẹ má kọ ọ́ o! Ohùn yín lọjà yín. Ẹni tó gbọ́ ohùn yín lówùúrọ̀ mọ̀ pé ẹ wà létí omi lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ fi ẹja sẹ́yìn àdúrà. Oníbàárà yín tó wà nínú bọ́ọ̀sì, íápíìsì wà létí ẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹja máa dé nínú ọ̀rọ̀ yín tàbí kò ní dé, ó ti gbọ́ àdúrà ìṣẹ́jú méjì, ó wá bọ́ sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Àrọ̀ tútù dé o, ó ń mí, ẹgbẹ̀rún báyìí ni ọ̀kan. Ọ̀bọ̀kún kù mẹ́fà. Edé wà. Ẹ pè mí kí aago mẹ́wàá tó lù." Ó tán. Ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá fi "Ọlọ́run á bù sí i fún yín o" parí ẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ owó ẹja á gbọ́ àdúrà náà tayọ̀tayọ̀. Ẹ jẹ́ kí ariwo ọjà wọ inú ẹ̀ díẹ̀, ẹ má lọ wọ yàrá sọ ọ́, ariwo yẹn ló ń fi hàn pé ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ti tó, aago kan náà, ẹ má ju mẹ́ta mẹ́rin léra wọn. WhatsApp ti jẹ́ kí èèyàn lè fi ohùn sí Status láti ọdún 2023, ẹ lè fi síbẹ̀ náà, àwọn tó kúrò nínú gírúùpù ṣì máa gbọ́ ọ níbẹ̀ tí nọ́ńbà yín bá wà lórí fóònù wọn, tí tiwọn náà sì wà lórí tiyín. Àdúrà gígùn yẹn náà, ẹ má pa á tì, ẹ máa ṣe é lọ́jọ́ Sọ́ńdè lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ti Sọ́ńdè ni, ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ á ṣí i.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi obìnrin kì í gbọ́ràn. Gbogbo ẹbí wa ló ti sọ gírúùpù di ibi fọ́ìsì nóòtì, kò mọ ohun tá a ń sọ mọ́, ó ti dákẹ́ síbẹ̀. Kí la lè ṣe? (Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ò rántí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Mọ́kọ́lá òkè yẹn náà o. Nígbà tí Twitter gbé ohùn jáde lọ́dún 2020, àwọn tí kì í gbọ́ràn ló kọ́kọ́ figbe ta torí wọn ò kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀, ó lé lọ́dún kan kí ó tó wà. Ní ìparí ọdún 2024 WhatsApp náà gbé ohun tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ jáde, ṣùgbọ́n Yorùbá ò sí lára èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó di òfin ẹbí: ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́, kó kọ ìlà kan sábẹ́ ẹ̀. "Màmá ní kí gbogbo wa wá nílé lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì." Ìyẹn náà ti tó. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn, kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ gba iṣẹ́ yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíì á gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín lónìí lórí fídíò, ẹ fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sì jẹ́ kó mọ gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lẹ́yìn ẹ̀ láti ìgbà yẹn.